Ìborí Funfun Lẹ́nu Ọ̀nà Tíátà

Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì wọn ti kúrò ní Naryn, ní ilẹ̀ Kyrgyz, ni Burul kò ti jẹ́ kí ojú òun kúrò lára Nurzada. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló kó wá sí Almaty, ní ilẹ̀ Kazakh, láti wo ìlú àti eré orí ìtàgé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan yìí ló gbà á lọ́kàn. Ìyá Nurzada ló di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì pé, "Tíṣà, bí ẹ ṣe ń mú un lọ yìí ni kí ẹ ṣe mú un padà fún mi o." Burul sì ti ṣèlérí. Ìwé ìrìnnà gbogbo wọn wà nínú báàgì tó gbé kọ́rùn, ó sì ń fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè bí abiyamọ tó ń wò bóyá ọmọ tuntun ṣì ń mí.

Ìfura loògùn àgbà, lóòótọ́. Ti Burul ti kọjá oògùn, oúnjẹ ni.

Daulet, ọ̀dọ́mọkùnrin Kazakh kan, ló ń mú wọn kiri ìlú. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, ẹ̀rín náà kò sì bá Burul lára mu. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Wọ́n wo ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó wà nínú ọgbà, wọ́n fẹ́ gun òkè, ṣùgbọ́n kùrukùru ti bo orí rẹ̀ pátápátá. Nurzada kò mú agbòjò wá, ni Daulet bá fi tirẹ̀ bò ó.

"Nurzada! Wá sábẹ́ agbòjò tèmi."

"Àǹtí, tiyín ti ya."

"Ó ya, àmọ́ mo mọ ẹni tó ni ín."

Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Burul kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó fà á wá sábẹ́ agbòjò yíya náà.

Nígbà tí òjò le sí i, wọ́n sá wọ inú ọjà lọ mu tíì gbígbóná. Burul dúró sẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń ta èso gbígbẹ, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Daulet lórí fóònù. Èdè Kazakh àti ti Burul kò jìnnà síra, gbogbo rẹ̀ ló yé e.

"Màmá, ẹ bá mi wá ìborí kan sílẹ̀. Èyí tó funfun yẹn dáa. Mò ń mú un bọ̀ lálẹ́ òní."

Burul gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ láìmu ún tán.

Ta ló máa sọ fún obìnrin Kyrgyz ohun tí ìborí funfun túmọ̀ sí? Nígbà tí Burul wà lọ́mọge, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣèré tó wà ní olú ìlú ti gbà á wọlé, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó wá bá òun ṣe ọjọ́ ìbí. Ó débẹ̀, kò rí ọjọ́ ìbí kankan. Àwọn obìnrin ló rí, wọ́n dì í mú, wọ́n fi ìborí funfun bò ó lórí pé ó ti di ìyàwó ilé. Ó já a sọ nù, wọ́n tún fi í bò ó. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà ilé náà ti dùbúlẹ̀ gbalaja síbẹ̀. Ta ló jẹ́ ré arúgbó kọjá? Ègún ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìborí ti dúró lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn tó di ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, kì í mutí, kì í lù ú. Àmọ́ Burul kò tíì wọ tíátà ńlá rí títí di ọjọ́ òjò yìí.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọrùn ọwọ́ Nurzada ló dì mú wọ tíátà. Èrò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba kóòtù lọ́wọ́ àwọn òǹwòran. Burul ní láti bọ́ tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ náà bọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó máa yíjú padà, kò rí Nurzada mọ́.

Ó fi èjìká la èrò kọjá. Lẹ́nu ọ̀nà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Nurzada dúró, ìyá àgbàlagbà kan ń so ìborí funfun mọ́ ọn lórí. Daulet wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Burul kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó já ìborí náà, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì dínà níwájú ọmọ náà.

"Ẹ ò ní mú un! Ọmọ ọlọ́mọ ni! Ẹ máa kọ́kọ́ pa mí ná!"

Gbogbo èrò yíjú wò wọ́n.

"Àǹtí!" Ìtìjú ń pa Nurzada kú lọ. "Irun mi ló tutù! Mo ti ń sín láti ọ̀sán, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Màmá mi nìyí," Daulet sọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀. "Ibí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ló ń gba kóòtù. Mo ní kí wọ́n wá nǹkan tí ọmọ yìí máa fi borí, kí òtútù má pa á."

Burul wá wo Nurzada. Omi ń kán láti irun rẹ̀, imú rẹ̀ ti pọ́n, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣọ́ ọmọ yìí, kò sì rí i pé òjò ti pa á.

Màmá Daulet bẹ̀rẹ̀, ó mú ìborí náà nílẹ̀, ó gbọn ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù. Inú kò bí i. Ó wo Burul títí.

"Wọ́n fi bo ìwọ náà lórí, àbí?"

Burul mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi náà nìyẹn. Èèyàn kún ilé bámúbámú lọ́jọ́ náà." Ó na ìborí náà sí i. "Kò sẹ́ni tó bá mi já a."

Agogo dún pé eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wọlé lọ. Burul gba ìborí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu irun Nurzada.

"Àǹtí, ẹ rọra, ẹ ń fà mí nírun."

Burul ní òun ti gbọ́. Ó dẹwọ́, ó sì ń nu irun náà lọ díẹ̀díẹ̀.