Gíláàsì Pupa Nathanaël

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Olùṣọ́ Jérémie gbé agogo ìjọ sókè, tí ó sì là á mọ́ Abigaïl lórí. Ti àkọ́kọ́ dún ketekete, obìnrin náà sì wó lé eékún. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta kò dún mọ́, ẹran ara gbé ìró rẹ̀ mì. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ọ̀sán gangan, ní iwájú ilé ìjọ ní Koko, ìletò kan lẹ́bàá Bantè ní ilẹ̀ Benin. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti àtàrí rẹ̀ wá sí àyà sùtánà funfun rẹ̀.

Nathanaël, ẹ̀gbọ́n Abigaïl, kò jìnnà sí wọn ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó ń ya fọ́tò.

Ẹ má tíì bú u. Jérémie yìí ló ti fi ẹgba na Grâce, ọmọ Abigaïl, títí apá ọmọ náà fi kán, pé wárápá tó ń ṣe é, ẹ̀mí àìmọ́ ni. Gbogbo ìjọ rí i, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Lọ́jọ́ yìí ó tún wá mú ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì dí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọ mọ́ ọn. Nathanaël rò ó pé bí òun bá jà, wọn á ní àbúrò òun ni òun ń gbèjà. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í parọ́, èyí tí òun bá yà ni yóò lé ìkà náà kúrò ní Koko.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti ń ya fọ́tò dúdú àti funfun ní Bantè, títí di òní tí ọmọ ọwọ́ pàápàá ń fi fóònù ṣeré. Fíìmù tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ Wahab, oníṣòwò ará Nàìjíríà tó wà ní Savalou, kò mọ àwọ̀ pupa. Ohun tó bá pupa, dúdú ni ó ń sọ ọ́ dà, ojú ènìyàn dúdú sì ń ṣókùnkùn sí i. Àwọn ará ìjọ bínú: "Nathanaël, ṣé èédú ni ìyá mi bí ni?" Ló bá yí sí fíìmù tó mọ gbogbo àwọ̀, ó sì fi gíláàsì pupa bo ojú ẹ̀rọ fọ́tò rẹ̀. Ojú wọn mọ́lẹ̀, sùtánà ń dán, inú wọn dùn.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àwọn ìyá ìjọ ti gba sùtánà Abigaïl, wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́, nítorí lọ́dọ̀ wọn, aṣọ ìsìn kì í gbé ẹ̀jẹ̀ sùn. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán orí rẹ̀ ní ojú mẹ́jọ. Jérémie ní orí àtẹ̀gùn ló ṣubú sí. Ó wá ku fíìmù nìkan bí ẹ̀rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Nathanaël ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá òkùnkùn. Oríṣi omi oògùn méjì ló ní fún fíìmù fífọ̀: líle tó ń yára, tí fọ́tò rẹ̀ máa ń rí hóróhóró bíi gàrí, àti èyí tí a là pẹ̀lú omi púpọ̀, tó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n tí fọ́tò rẹ̀ kúnná bí èlùbọ́. Èyí tó kúnná ló mú, kí ojú Jérémie lè hàn ketekete.

Ó hàn lóòótọ́. Agogo hàn, ìka ọwọ́ hàn, irùngbọ̀n hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò náà dára ju gbogbo èyí tí ó ti yà láyé rẹ̀ lọ. Sùtánà Abigaïl sì funfun báláú. Gíláàsì tó ń sọ ojú dúdú di mímọ́lẹ̀ ti sọ pupa ẹ̀jẹ̀ náà di funfun. Nathanaël jókòó sílẹ̀.

Ní kọmisáríà, ọ̀gá ọlọ́pàá yí fọ́tò náà síwá sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ dà?"

Nathanaël ṣàlàyé gíláàsì pupa. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Gíláàsì tí ń lá ẹ̀jẹ̀?"

"Àdúrà ni mo ń gbà fún un," ni Jérémie, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, wí. "Ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀. Nathanaël, fọ́tò yìí wù mí. Ẹ bá mi ṣe ńlá rẹ̀, ká gbé e kọ́ sí ilé ìjọ."

Nathanaël délé, ó fi òkúta fọ́ gíláàsì náà túútúú, ó gé e lọ́wọ́, kò nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó gbé fọ́tò náà lọ bá àbúrò rẹ̀, ó ń bú gíláàsì, ó ń bú fíìmù. Abigaïl wo fọ́tò náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gíláàsì kọ́," ni ó wí. "Ọwọ́ yín méjèèjì ló wà lára ẹ̀rọ."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Jérémie tún gbé agogo rẹ̀ wá mú Grâce. Nathanaël ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo.