Ìyá Mi Ni ‘They’

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìyá mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, ‘my mum’ ni mo máa ń pè ṣáá títí ọ̀rọ̀ á fi parí. My mum said, my mum went, my mum is not well. Wọ́n á ní ṣé mi ò mọ ‘she’ ni? Mo mọ̀ ọ́n. Ojú mi rí nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí èmi àti ìyá mi dé London. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan ní Stockwell la kọ́kọ́ wà, títí ọ̀rọ̀ wa fi sú onítọ̀hún. Káńsù wá fún wa ní yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Peckham, kí wọ́n tó rí ilé gidi fún wa. Tí ìyá mi bá ti tẹ́ ẹní ìkírun wọn sílẹ̀, ilẹ̀ ti tán nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí fíríìjì á ní sùúrù títí wọ́n á fi kírun tán. Bẹ́ẹ̀dì kan la jọ ń sùn, èmi lápá ògiri. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ìyá mi ń tún sọ fún mi lójoojúmọ́: àlejò kankan kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀.

“Tí wọ́n bá lé wa níbí, ìlú tí a ò mọ̀ rí ni wọ́n máa gbé wa lọ o. Shift mi ńkọ́? School ẹ ńkọ́?”

Mo fẹ́ràn school yẹn, torí Míìsì. Míìsì ni gbogbo wa ń pe olùkọ́ tó ń kọ́ àwa ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì wa kò tíì dán mọ́rán. Òun náà ló ń mójú tó àwa tí a ò nílé lórí: ó ń bá wa wá kóòtù òtútù, ó sì ń rí i pé a jẹun àárọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ‘wọn’ ni mo ń pe òun náà. Ṣùgbọ́n ‘wọn’ méjì á da ìtàn yìí rú, ni mo ṣe sọ tirẹ̀ di ‘ó’. Kó má bínú sí mi. Ohun tí ‘wọn’ ti fojú mi rí ti tó.

Lọ́jọ́ kan, Míìsì ní kí kálukú sọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Mo kó ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní jọ. Mo ní, “They sleep on bed. They pray. They go to work. They cry in the night.” Ìyá mi ni mo ń sọ. Wọ́n ti kọ́ wa ní ‘she’, mo sì ti rí i pé ‘ó’ lásán ni. Ṣé èmi, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ni màá wá máa sọ láwùjọ pé ó ń sùn, ó ń kírun, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ológbò?

Míìsì sún mọ́ mi, ó bi mí pé ta ni ‘they’. Mo ní, “My mummy.” Ó ní, “Mummy and who else?” Ìbéèrè yẹn kò yé mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọdé kì í wo àgbà lójú kó ní rárá. Mo ní, “Yes, Miss.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Lọ́jọ́ kejì, school ti fóònù ìyá mi.

Tààrà láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti wá, híjáàbù lórí, yúnífọ́ọ̀mù klínà lọ́rùn, òórùn bílíìṣì lára wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo mọ̀, torí wọn kò bá mi wí nítorí ìbọ̀sẹ̀ mi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Míìsì fún wọn ní àga, ó sì rọra bi wọ́n pé àwọn wo ló tún ń bá wa sùn nínú yàrá.

“Nobody, madam. Only me and my daughter. Wallahi.”

“She told us ‘they’. She said ‘they’ cry in the night.”

Ìyá mi yíjú sí mi. “Àwọn wo? Ta lo rí? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Èmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni. Mi ò lè pè yín ní ‘she’.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo Míìsì, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ń fọwọ́ lu àyà. “It’s me, madam. Me, I am they!”

Wọ́n ṣàlàyé, Míìsì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í gbà á lẹ́nu òbí nìkan. Ó ní òun fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wá bi wá léèrè. Ìyá mi lóṣòó síwájú mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Sọ ọ́, ọmọ mi. Èdè wọn ni ò ní ‘wọ́n’ tá a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Èmi ni mo ní kó o sọ ọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.”

Mo dorí kodò. “She sleep on bed. She pray. She go to work.” Mo mí kanlẹ̀. “She cry in the night.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí mo ń wí ‘they’, ẹkún náà dà bíi ti èrò púpọ̀, kò dá lé ẹnì kan lórí. Wàyí o, ìyá mi nìkan ló kù nídìí rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí débi pé ó wù mí kí n gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà.

Míìsì po tíì fún wọn, ó ní kò sẹ́ni tó máa lé wa nítorí ohun tí mo sọ, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun.

Nígbà tí a ń gba Rye Lane lọ sílé, tí a kọjá ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja, ìyá mi bi mí.

“O máa ń gbọ́ mi?”

“Mo máa ń gbọ́, mà.”

“Mo rò pé o ti máa ń sùn.”

“Mo máa ń ṣe bí ẹni tó sùn ni. Mo máa ń kojú sí ògiri, kí ojú má baà tì yín.”

Wọ́n dúró láàárín èrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa ìbọ̀sẹ̀ mi sókè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n sì pẹ́ nídìí rẹ̀.

“Má kojú sí ògiri mọ́,” ni wọ́n wí. “Èmi ni kó o máa kojú sí.”