Ẹ̀rọ Tó Ní Ara Gbogbo Wa Ló Le

Dókítà tó ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bẹyẹrúnkà ni ìyá mi fọkàn tán ju àwa ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a fínra. Tó bá ti ibẹ̀ dé, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Alhamdulillahi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀." Ṣùgbọ́n òòyì ò yé kọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ògiri mú nínú agbo ilé wa, ó ní ilẹ̀ ń yí.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Mo tẹ̀ lé e lọ.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo kàn ń wò. Nọ́ọ̀sì ń ká ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá àwọn èèyàn níkọ̀ọ̀kan. Bàbá arúgbó kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín dára." Aboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú: "Tiyín náà dára." Ó kan ìyá mi: ó dára. Kí ló dé tí ara gbogbo wọn ò yá, tí ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn sì dára?

Mo dọ́gbọ́n jáde. Kí ẹ̀jẹ̀ mi lè ga, mo sáré gun òkè Mápó, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi wo tèmi. Àyà mi ń lù kìkìkì.

Ó wo ojú ẹ̀rọ. "Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ yín dára. Ara yín balẹ̀ gan-an."

Ara mi balẹ̀? Òógùn ń ṣàn lọ́rùn mi!

Mo ní kí èmi àti ìyá mi lọ bá dókítà. Ìyá mi lejú mọ́ mi. "Ìwọ àti ìfura ẹ yìí!"

Dókítà gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ náà ò tíì pẹ́ tóun rà á. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ fi wọn tiyín níṣojú wa."

Ó ká a mọ́ apá ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ní tiẹ̀ náà dára. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Èmi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò sì tíì lò ó láti àná. Èyí ò lè rí báyìí." Ó mú ògbólógbòó ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ fún atẹ́gùn sí jáde, ó fi wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá mi.

"Àlàájà, ẹ̀jẹ̀ yín ga púpọ̀." Ó yọjú wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ariwo níta. Màá tún un ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́."

Wọ́ọ́rọ́wọ́? Àwọn tó ti lọ sílé ńkọ́? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá mi ṣíwájú mi, òun tí kì í jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ dókítà láìdáa! Ó dìde, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. "Dókítà, ẹ sọ fún wọn, àbí kí n bá yín sọ ọ́?"

Dókítà jáde, ó sọ ọ́, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pe àwọn tó ti lọ sílé. Àwọn kan bú u, wọ́n bá tiwọn lọ. Aboyún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tún wò. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà ga, kíá ni wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó bí tibi-tire.

Wọ́n yí oògùn ìyá mi padà, òòyì náà sì lọ. Ó ṣì ń lọ síbẹ̀ o. Ó ní ẹni tójú tì lẹ́ẹ̀kan á máa ṣọ́ra. Bóyá. Èmi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ń bá a lọ, mo sì ń béèrè: kí lẹ fẹ́ gún un? Abẹ́rẹ́ tuntun ni? Ẹ já a níṣojú mi. Nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ rí mi mọ́. Kò burú.