Pápá Tó Ń Gba Àṣekágbá Lọ́dọọdún

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì sí Festac. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pín ọjọ́ ìpàdé fún àwọn ọ̀gá, kí méjì má baà forí gbárí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí pápá mẹ́ta, ti Festac, ti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin àti ti ẹ̀yìn Trade Fair, pinnu láti jọ máa gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́, tí àwọn ọmọ Kútọnu àti Lómé náà ń wá, òun ni wọ́n ní kó máa pín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pín in. Kò fi ẹyọ kan lé ti ẹnìkan rí. Ìwé aláwọ̀ ewé kan ló ń kọ ọ́ sí, ìwé yẹn sì ni ògo rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún yìí, ìgbìmọ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tó dojú kọ pápá Festac, láti gba ìpín tuntun. Ọ̀rọ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ló kọ́kọ́ gba ẹnu wọn.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ gbọ́ ná! Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló jọ gbàlejò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Amẹ́ríkà kó méjìdínlọ́gọ́rin! Mẹ́síkò mẹ́tàlá, Kánádà mẹ́tàlá. Wọ́n tún gbé àṣekágbá fún Amẹ́ríkà náà. Ṣé àjọgbàlejò nìyẹn?”

Mùsúdù, tó ń ta mílíìkì ní Trade Fair, tó sì ń ṣojú pápá ibẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ má bínú o, Bàbá. Níbo la ti gbá àṣekágbá tiwa léṣìí?”

“Ibí ni.”

“Ọdún tó ṣáájú ẹ̀ ńkọ́?”

“Ibí náà ni. Nítorí ibòji igi fúrúùtù ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn ni.”

“Èyí tó tún ṣáájú ìyẹn?”

Bàbá yíjú sí Kíkẹ́lọmọ, akọ̀wé wọn, tó ń ṣojú Amúwo, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Kíkẹ́lọmọ ti ń wo fóònù rẹ̀.

“Ti ọdún méje ló wà lọ́wọ́ mi, sà. Méjèèje, Festac ni.”

“Irọ́ ni!”

Bàbá já ìwé aláwọ̀ ewé ṣí. Ojú ewé kan, Festac. Òmíràn, Festac. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó tún fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

“Àṣé Amẹ́ríkà wà ní Festac!” Kíkẹ́lọmọ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mùsúdù ò rẹ́rìn-ín mọ́. “A ò pè yín lólè, Bàbá. Iye ẹran tẹ́ ẹ fún wa pé, àmọ́ egungun ni gbogbo ẹ̀. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, Trade Fair ò ní bá yín gbàlejò mọ́.”

Bàbá na bírò sí i.

“Nílé bàbá mi, ẹni tó bá pín ẹran ló ń mú kẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ mú tiyín.”

Mùsúdù mú àṣekágbá. Kíkẹ́lọmọ mú ọjọ́ ìṣíde. Festac gba ohun tó kù.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, Bàbá gbé àga rẹ̀ lọ sí Trade Fair. Kò sí igi kankan níbẹ̀. Oòrùn ń ta á lójú débi pé kò rí góòlù àkọ́kọ́. Ó bi Mùsúdù léèrè ẹni tó gbá a wọlé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé.