Ààlà Tó Tẹ̀lé Ìsọ̀ Káfíńtà

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí káfíńtà kan ṣe gbé ààlà ẹkùn ìdìbò kúrò níbi tó wà, kó wá ibi jókòó sí. Wọ̀n-ọ́n-lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn aládùúgbò ń pè é, torí kò lè gé pákó kan láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ogójì ọdún ló fi kan ilẹ̀kùn, fèrèsé àti bẹ́ǹṣì nínú ìsọ̀ onípákó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un níwájú ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ pín ẹkùn náà, láyé bàbá rẹ̀, wọn ò ri òpó kankan mọ́lẹ̀. Akọ̀wé kan kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Láti àpáta ńlá dé ìsọ̀ káfíńtà, láti ìsọ̀ káfíńtà dé etídò." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún un pín lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n kàn da gbólóhùn yẹn kọ. Báyìí ni ilé méjìlá tó wà láàárín ìsọ̀ àti odò ṣe bọ́ sí ẹkùn òdìkejì. Ẹ wo ọgbọ́n ìjọba! Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn mìíràn ti ń dìbò kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ sí wọn, àwọn yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ dìbò fún aṣòfin tí kò mọ ilé wọn.

Nínú gbogbo àwọn tó ń gbé ilé méjìlá náà, ìyá káfíńtà lọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹ̀rù omi ń bà á, orúnkún rẹ̀ kò sì gba ọkọ̀ wíwọ̀ mọ́.

"Ọmọ mi," a máa wí, "mi ò bẹ̀ ọ́ fún aṣọ, mi ò bẹ̀ ọ́ fún bàtà. Kí n tó kú, mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ dìbò."

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé pé àwọn awọnlẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti ri òpó sí ààlà, bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Káfíńtà kà á, ó tún un kà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Ìyá àwọn ọmọ, ìsọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀ o!"

"Kí ló wá dé?"

"Ìsọ̀ ò ní gbòǹgbò!"

Ní Ọjọ́rú, ó tú páànù òrùlé. Ilé méjìlá tú jáde: àwọn kan gbé pákó, àwọn kan gbé òpó, ẹni tí kò rí nǹkan kan gbé gbé orin. Kí oòrùn tó wọ̀, ìsọ̀ ti dúró sí etídò, ó wọ́ díẹ̀ lápá kan. Ayọ̀ kò jẹ́ kí Wọ̀n-ọ́n-lẹ́ẹ̀mejì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ojú ilẹ̀ tó ṣófo níwájú ilé ẹ̀kọ́, ó wo ìsọ̀ létídò.

"Bàbá, ṣé ibí ni ìsọ̀ yìí ti wà látilẹ̀wá?"

Káfíńtà kò lè purọ́. "Àná ni mo kó o débí, sà. Ìsọ̀ káfíńtà lẹ wá. Ìsọ̀ rèé, káfíńtà rèé."

Awọnlẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀, ó pa á dé, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ gbé e ṣubú. "Lóòótọ́, wọn ò kọ ibi tí ìsọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ ri òpó mọ́lẹ̀!" Báyìí ni ilé méjìlá náà ṣe bọ́ sí ẹkùn ilé ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Màmá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó rìn dé ilé ẹ̀kọ́. Ó pẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé débi pé àwọn tó tò sẹ́yìn ń kùn. Ó jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú fún yíǹkì.

"Màmá, ta lẹ dìbò fún?"

"Mẹ́rin ni wọ́n. Mo tẹ̀ka fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Káfíńtà figbe bọnu. "Háà! Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹnì kan ṣoṣo lèèyàn ń tẹ̀ka fún!"

"Mo mọ̀. Ìdìbò mẹ́rin ló kọjá tí mo jókòó sílé nítorí odò. Mo ti gba tèmi lónìí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa yan aṣòfin."