Pákó Tí Mo Rọ̀ Mọ́

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ onílé pè mí lẹ́jọ́ nínú ẹ̀sítéètì kan ní Ìkòsì, àpò irinṣẹ́ mi ni mo gbé dání lọ. Mo rò pé wọn yóò ní kí n fi iṣẹ́ mi hàn wọ́n. Káfíńtà ni mí, n kò sì kàwé kọjá kíláàsì kẹrin. Ọwọ́ mi ni mo mọ̀ ọ́n fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé pẹpẹ tí mo kàn mọ́ ògiri já lu ìyá arúgbó kan, ó sì dá wọn lápá.

Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kétu ní ìlànà kan. Kí a tó lu ihò sí ògiri, a ó kọ́kọ́ fi ìka kàn án, a ó sì tẹ́tí sí i. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ṣófo, a ó fi í sílẹ̀. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ki ni a ó fi dírílì lu, a ó sì ki fíṣà bọ̀ ọ́, ìyẹn ike kékeré tí ó máa ń fẹ̀ mọ́ ògiri bí sukúrù bá ti ń wọ inú rẹ̀. Nígbà tí a bá parí, káfíńtà yóò di pẹpẹ náà mú, yóò ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, yóò sì rọ̀ dirodiro lójú oníbàárà.

Ọ̀gá mi a máa wí pé, "Bí o kò bá lè rọ̀ mọ́ ọn, má gbé ẹrù ẹlẹ́rù lé e."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rọ̀, èmi àti pákó ni a jọ balẹ̀. Ọ̀gá mi kò nà mí. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé ilẹ̀ tutù?"

Ìyá arúgbó yìí, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ wọn ọkùnrin ni ó bẹ̀ mí níṣẹ́, pẹpẹ kan ṣoṣo sí pálọ̀. Nígbà tí mo rọ̀ mọ́ ọn, Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ wá wò ó o! Ọ̀bọ ni ọmọ mi lọ bẹ̀ níṣẹ́!"

"Mọ́mì, ọ̀bọ tó mọṣẹ́ ni o."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní kíṣìn. Sọ̀ kalẹ̀ kí o wá jẹun."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé pẹpẹ já. Mo sáré lọ. Nínú pálọ̀, ihò mẹ́rin tí mo lu wà lára ògiri, fíṣà ṣì há sínú wọn gbọin. Yàrá Mọ́mì ni pẹpẹ ti já. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pín yàrá náà, ìṣó wíwọ́ sì wà nílẹ̀. N kì í fi ìṣó kan pẹpẹ.

Mọ́mì dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì di apá wọn. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi ló gbé e wá síbí. Ó ní kí Bíbélì àti oògùn mi lè sún mọ́ mi. Má bínú, káfíńtà."

"Mọ́mì, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n fa aṣọ ìbora bo apá wọn.

Ní ìpàdé, ọmọ wọn dìde. "Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ ọkùnrin yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi."

Mo ní kí wọ́n lọ wo ihò mẹ́rin inú pálọ̀. Wọ́n rán ènìyàn méjì. Àwọn náà padà dé, wọ́n ní ògiri mọ́ rekete, kò sí ihò kankan. Alága ẹgbẹ́ kò bi wọ́n bóyá ọ̀dà ara ògiri náà ti gbẹ.

Mo wá yíjú sí Mọ́mì, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí ọ̀bọ?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì wo ojú mi. Wọ́n wo ọmọ wọn, tí ó fi ọwọ́ gbé apá wọn tí ó dá, tí kò jẹ́ kí ó mì.

"N kò rántí," ni wọ́n wí.

N kò lè bú wọn. Ọmọ bíbí inú wọn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti pa iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀sítéètì náà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọ̀jọ́ta. Àwọn tí ó máa ń pè mí kò pè mọ́.

N kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Kí wọ́n ha ọ̀dà ara ògiri yẹn ni mo ń wí. Fíṣà mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀. Ike kì í jẹrà.

Wọ́n da pákó náà sí ààtàn, mo sì lọ ṣà á. Mo kàn án mọ́ ògiri yàrá mi ní Kétu, n kò gbé nǹkan kan lé e. Láràárọ̀ ni mo ń dì í mú, tí mo ń ká ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Kò já rí. Kò sì sí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín.