Ṣíbí Kẹfà Tí Mo Wá Lọ sí Padova

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Ràṣídì, ọkọ ọmọ mi, jáde nílé ní Nichelino, ní Ítálì, níbi tí mo ti wá kí wọn. A ti kírun àsùbá, Bàṣírátù ọmọ mi ti di mọ́ínmọ́ín fún wa, òtútù sì ń mú bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn fìríìjì ìlú náà. Nichelino kì í ṣe Turin gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gbé Mọníyà ṣe máa ń sọ pé Ìbàdàn lòun ń gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ mi ń sọ pé Turin làwọn wà. Mo ti tún un ṣe fún wọn títí, ó sú mi.

Báàgì méjì ni mo gbé. Mọ́ínmọ́ín wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì, ṣíbí fàdákà kan ni mo fi aṣọ ìnujú wé bí ọmọ tuntun.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irin ọkọ̀ ni Ràṣídì ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Sunday nìkan ló sì ń sinmi. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣíbí tí ẹ ò lè fi jẹun yìí náà la tìtorí ẹ̀ fẹ́ sùn sínú ọkọ̀ ojú irin?"

"A ò ní sùn síbẹ̀," ni mo fèsì. "Jíjókòó la máa jókòó."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ṣíbí yìí. Bàbá mi bá àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà kan tún ọgbà ṣe ní Ìwó nígbà tí a wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ìyàwó òyìnbó náà fún un ní ṣíbí mẹ́fà tó ti pẹ́ nínú ẹbí rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni Bàbá bí, ó sì pín in fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa ṣe ohun tí gbogbo ìyàwó ilé ń ṣe sí àwo àti ṣíbí: ó fi ọ̀dà pupa sàmì sẹ́yìn wọn, kí wọ́n má baà bá èrò òde lọ. Èmi Sàláwátù gba S. Ṣùgbọ́n Múfú, àbíkẹ́yìn wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni. Kò tíì lórúkọ, nítorí náà kò sí lẹ́tà tí ìyá wa fẹ́ kọ. Ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ gan-an ni ṣíbí rẹ̀ bá èrò lọ.

Múfú ti di bàbá àgbà báyìí. Síbẹ̀, bí a bá ti pàdé nígbà Iléyá, ẹ̀sùn kan náà ni: "Ẹ̀yin márùn-ún lẹ ní bàbá. Èmi, ńṣe ni wọ́n rí mi he." A máa ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó kọjá, kò wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, na ọwọ́ wá Múfú láàárín wa, kò bá a. Ohun tó gbé mi dé Padova nìyẹn.

Olùkọ́ Amẹ́ríkà kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí ló là mí lójú nípa ṣíbí náà. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ wọn a máa yọ́ owó fàdákà, wọn a fi rọ ṣíbí, wọn a sì tẹ "COIN" sẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni pé owó ẹyọ ló ti wá. Inú wa dùn títí Alfa wa fi gbọ́, tó ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí fi fàdákà jẹun. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń fi í mu ògì! Láti ìgbà náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ọ̀rẹ́ Bàṣírátù kan, tó ti rí wọn rí, fi rí irú rẹ̀ ní ọjà ohun àtijọ́ ní Padova, tó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Owó ọkọ̀ wa láti Turin dé Milano lé díẹ̀ ní yúrò méjìlá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tí yóò pariwo lé ọ lórí. Ẹ̀rọ kékeré kan lára ògiri ni ìwọ fúnra rẹ yóò fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ sí kó tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀. Bí o bá gbàgbé, ìtanràn ń bẹ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wù mí. Lójú ọ̀nà, mo rí oko ìrẹsì tó lọ salalu nínú omi, ó yà mí lẹ́nu, nítorí èmi rò pé burẹ́dì nìkan ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí mo ṣí mọ́ínmọ́ín, obìnrin tó kọjú sí wa fa imú, ó béèrè ohun tó jẹ́. Ràṣídì ní àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ẹ̀wà ṣe ni. Mo ní kó má parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, mo sì bu díẹ̀ fún obìnrin náà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún na ọwọ́.

A wọ ọkọ̀ mìíràn ní Milano, a sì dé Padova kí oòrùn tó kan àtàrí. Inú pápá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Prato della Valle ni ọjà náà wà. Omi yí àárín rẹ̀ ká, àwọn ère òkúta sì tò létí omi náà bí ọmọ ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò dúró gbọọrọ.

Ọkùnrin tí à ń wá jẹ́ àgbàlagbà onírunmú funfun, Bepi lorúkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tó kó ẹrù odidi ilé bọ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó to ṣíbí lé e, mo sì rí i láàárín wọn: ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, ó fẹ́lẹ́, "COIN" wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tú tèmi jáde, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè fi wọ́n wéra.

Bepi yíjú láti ọ̀dọ̀ oníbàárà mìíràn, ó kó méjèèjì sọ́wọ́. "Signora," ìyẹn ni Ìyáàfin, "ṣé méjèèjì lẹ fẹ́?"

Ràṣídì ló ń túmọ̀. Mo ní, "Ọ̀kan ni. Ìkejì, tèmi ni."

"Gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi, tèmi ni."

Òógùn bo Ràṣídì nínú òtútù yẹn. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún un. Permesso mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni!" Permesso ni ìwé tí ìjọba fi ń gba àlejò láyè láti máa gbé ìlú wọn.

"Fi kí ni sílẹ̀? Dúró dáadáa, yọwọ́ lápò. Sọ fún un kó yí i padà. S pupa wà lẹ́yìn rẹ̀."

Bepi yí i padà. Mo ń retí kó bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ńṣe ló gbá orí mú. "Vernice!" ó kígbe. Ọ̀dà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Vernice lórí fàdákà! Ta ló ṣe èyí?"

"Ìyá mi ni."

Ó fi ìka méjì dá tèmi padà bí ẹni gbé adìyẹ tó ń ṣàìsàn. Ìkejì, ó tì í bọ àpò àyà rẹ̀. Ó ní òun kò ní ta fàdákà fún ẹni tó ń fi ọ̀dà kùn ún.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Múfú fún un. Mo sọ fún un pé márùn-ún tí a kùn ṣì wà, ọ̀kan tí a kò kùn ló sọnù. Ó mi orí. Ràṣídì ti ń fà mí láṣọ. Mo wolẹ̀ kí omijé má baà hàn lójú mi, ìgbà náà ni mo rí igun aṣọ tó tẹ́ sórí tábìlì: lẹ́tà méjì wà níbẹ̀, òwú pupa ni wọ́n fi rán an.

"Èwo wá nìyí?" ni mo béèrè.

"Ìyá mi ló rán ìyẹn," ni Bepi wí. "Gbogbo obìnrin àdúgbò wa ló jọ ń fọṣọ lójú omi kan náà. Bí kò bá sí àmì lára aṣọ..."

"Kí ló dé? Ẹ parí gbólóhùn yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó yọ ṣíbí náà lápò, ó ní ogójì yúrò ni. Mo ní ogún. Ràṣídì wojú sánmà bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. A parí rẹ̀ sí ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n búra pé n kò ní fi ọ̀dà kàn án láé. Mo na ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo ṣèlérí, n kì í sì í yẹ àdéhùn.

Nígbà tí a ń padà, orí itan Ràṣídì ni báàgì ṣíbí náà wà. Mo fẹ́ gbà á, kò gbà.

Mo dé Ìwó kí Iléyá tó dé. Mo ránṣẹ́ sí Múfú pé ohun tirẹ̀ ti dé, ó sì wá. Ẹ̀gbọ́n wa fọwọ́ pa á lójú, pa á lórí, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kò sí ibi téèyàn dé tí kò bá ìyá tó ń sàmì sí ohun tí kò fẹ́ kó sọnù.

Múfú gba ṣíbí náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Orúkọ mi ò sí níbí."

Mo ní mo ti bá ẹni tó tà á ṣàdéhùn pé n kò ní fi ọ̀dà kàn án.

"Ẹ̀yin lẹ bá a ṣàdéhùn, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò bá a pàdé rí." Kó tó rántí pé ó yẹ kóun dúpẹ́, ó ti fa agolo ọ̀dà pupa kékeré yọ lápò agbádá. Ilé ló ti gbé e wá.

Mo la ẹnu láti bá a wí. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu.

"Múfú," ó ní, "kọ ọ́ kó tóbi dáadáa, kí èmi náà lè rí i."